Bàbá Rẹ Wà Lóko

Oko bàbá mi wà lójú ọ̀nà Òfìkì, níbi tí fóònù kì í ti í dún. Gbogbo wa nílé la mọ̀ pé bí Bàbá bá ti kọjá odò kékeré tó wà níwájú oko náà, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí yóò fi padà wọ Ṣakí. Nítorí náà, nígbà tí mo wà ní Ṣáínà, tí mo bá pe ilé, tí ìyá mi sì wí pé, "Bàbá rẹ wà lóko," n kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ni àgbẹ̀ oníṣu ìbá tún wà?

Iṣẹ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ni mo lọ kọ́. Mo ti gboyè nọ́ọ̀sì nílé kí n tó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́hùn-ún. Oyè kejì ni mo lọ gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Ọmọ Ṣakí ń wọ bàálù lọ kọ́ àgbo! Ṣé ewé ti tán nínú igbó Òkè-Ògùn ni?" Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ, kí n sì kọ́ ọ dáadáa.

Wọ́n kọ́ mi láti fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ aláìsàn kí n fi mọ bí iṣan ṣe ń lù, láti wo ahọ́n, àti láti fi abẹ́rẹ́ tínínrín bí irun gún ara níbi tó yẹ. Ọ̀gá mi níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí kì í pariwo, fi mí sí ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Ọwọ́ tí àrùn náà mú gan ni mo kọ ìwé àṣekágbá mi lé lórí. Ọ̀rọ̀ kan ni ìyá náà fi ń jí wa, òun náà ló fi ń sìn wá jáde: ẹ tètè débẹ̀. Ọwọ́ tí a bá tètè mójú tó lè padà bọ̀ sípò. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ pẹ́, ó tán nìyẹn.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń gbin kábéèjì. Kété tí àrùn náà kọlù ú ni wọ́n ti gbé e dé. Èmi ni mo ń gún un lábẹ́rẹ́ lójú ọ̀gá mi. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tó ti gan tẹ́lẹ̀ mú igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, ó mú hóró ẹ̀wà kan nínú àwo, ó gbé e sẹ́nu, ìyàwó rẹ̀ sì bú sẹ́kún. Inú mi dùn débi pé mo sáré pe ìyá mi, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó ní kí n tún ibi tí ọwọ́ náà ti mú hóró ẹ̀wà sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Abẹ́rẹ́ ọ̀hún, ṣé o ò lè rí ẹni fi í rán sí wa?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi, bíi gbogbo ará ilé wa, gbà pé inú abẹ́rẹ́ ni oògùn ń gbé. Mo ní, "Ìyá, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Irin lásán ni. Ọwọ́ ẹni tó ń gún un ló ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀hẹ́n," ó ní. "Ó dáa, ọmọ mi. Kọ́ ọ dáadáa o."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá rẹ wà lóko."

Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń gbé fóònù fún Bàbá. Kì í bá mi tàkúrọ̀sọ. Àdúrà ni. Á ka Fátíà fún mi, á fi àwọn súrà kéékèèké tẹ̀ lé e, geerege, á sì ṣe àmín. Bí mo bá bi í léèrè iṣu, á tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà míì. Mo máa ń fi yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi pé àdúrà bàbá mi ló ń gbé mi ró. N ò mọ̀ pé àdúrà nìkan ló kù tó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde láìwọ́. Ó wà nínú ìwé tí mo ń kà lọ́wọ́ nígbà náà, pé ohun tí èèyàn ti há sórí láti kékeré lè ṣẹ́kù sẹ́nu nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ti kọ̀. Mo tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí.

Lọ́jọ́ tí mo dé, ilé kún. Bàbá mi jókòó sórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, agbádá bò ó lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀. Ọwọ́ òsì ló yọ sí mi. Bàbá tó máa ń gbá wa lọ́wọ́ bí a bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, òun náà ló gbé òsì lé mi lórí, tó ń ṣàdúrà. N ò tíì dìde tí mo ti mọ̀. Mo ká agbádá sókè. Ọ̀tún rẹ̀ ti ká kò bí ọwọ́ ọmọ jòjòló tó ń sùn, èékánná sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àtẹ́lẹwọ́.

Mo pariwo mọ́ ìyá mi níwájú àlejò. "Látìgbà wo?" Ìyá mi wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ̀rọ̀. "Ọdún tó o lọ gan-an ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ. Ta ní í kó ìròyìn burúkú bá ẹni tó wà lájò? Bó o bá gbọ́, ṣé wàá lè jókòó kàwé?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì gbé e padà sílé, wọ́n pa ẹnu pọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, inú sì ń bí mi sí wọn títí di òní. Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, ǹ bá ti sá wálé láìkọ́ ọ tán. Wọn ò sọ, mo kọ́ ọ tán, kò sì wúlò fún bàbá mi.

Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí Bàbá yọ ahọ́n kí n wò ó. Ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu rẹ̀ díẹ̀ nígbà náà, ó ń wọ́ ọ jáde. "Kí n... yọ ahọ́n... sí ọmọ mi?" N ò bá a jiyàn, èébú ni yíyọ ahọ́n síni lọ́dọ̀ wa. Mo dọ́gbọ́n wò ó nígbà tó yán. Mo gún un láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, mo gún un lápá, mo gún un léjìká. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń gbé omi gbígbóná wá, tí á jókòó, tí á tẹjú mọ́ àwọn ìka náà bí ẹni ń wo ẹyin tó fẹ́ pa. Bí mo bá ń nà wọ́n, wọ́n á là díẹ̀. Bí mo bá ti jáwọ́, wọ́n á tún ká kò. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ kọjá. Òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ Bàbá ń gbé ọkọ́ kọjá lójúde wa, wọ́n ń kí i. Láti ọjọ́ tí mo ti rí èékánná yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́, àmọ́ ta ló máa sọ fún ìyá mi?

Bàbá ló sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe mú abẹ́rẹ́, ó fi òsì dì mí lọ́wọ́ mú. "Bàbá... oníkábéèjì yẹn. Ìyá rẹ sọ ọ́ fún mi. Kí ló ń ṣe báyìí?"

Mo ní, "Ó ti padà sóko, Bàbá."

Ó mi orí. Ó ní, "O káre, ọmọ mi. O kọ́ ọ dáadáa. Ó tó." Ó bá fi òsì kó ọ̀tún rẹ̀ padà sábẹ́ aṣọ. Mo gbé omi ìyá mi, mo lọ dà á nù lẹ́yìn ilé, mo sì sunkún níbẹ̀ títí ojú mi fi wú.

Ọ̀gá mi pè láti Ṣáínà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orí ibùsùn ló ti pè mí, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Mo ti sọ fún un nígbà tí mo dé pé ọwọ́ bàbá mi ni iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá nílé, kò sì gbàgbé. Ó béèrè pé, "Bàbá rẹ ńkọ́?"

Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mi wà lórí àga, ó ń fi òsì fa tẹ̀súbà. Mo fi èdè wọn dá a lóhùn pé, "Bàbá mi wà lóko."

Inú rẹ̀ dùn. Mo gbọ́ tó ń pàtẹ́wọ́.