Ọmọ Okun ní Ilé Iná Etí Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé olóríkunkun ni ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runlékè, ẹ gbà á gbọ́. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Tísà ni mí n'Iyara, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo mọ orí kunkun nígbà tí mo bá rí i. Orí tèmi náà kò rọ̀. Ilé kan náà la ti wá.

Òun ni àkọ́bí Yèyé wa. Ó kúrò nílé nígbà tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù, ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ l'Ékòó. Bó ṣe dé ìdí iṣẹ́ tó ń ṣe títí dòní, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín nílé wa. Ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ bi í pé ọmọ ibo ni. Ó ní, "Ọmọ Okun ni mí, sà." Bẹ́ẹ̀ sì la ṣe ń pe ara wa lóòótọ́, láti Kabba títí dé Ìsánlú, nítorí pé "okun" la fi ń kí ara wa, okun tí í ṣe agbára. Akọ̀wé ọ̀hún kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohun tí etí tirẹ̀ gbọ́ ni ọmọ òkun. Ó ní, "Irú yín gan-an là ń wá. Àwọn ọmọ òkè tí wọ́n ń kó wá yìí, ẹ̀rù omi ń bà wọ́n." Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ilé iná etí òkun nìyẹn o, ọmọ tí kò rí omi tó ju odò Oyi lọ rí láyé rẹ̀, odò tí ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ilé gogoro ni ilé iná náà, àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ láyé àtijọ́, lẹ́yìn Òkìtìpupa lọ́hùn-ún níbi tí ọ̀nà ti di omi. Gíláàsì kan wà lókè rẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ. Wọ́n á tan iná sínú gíláàsì yìí, gíláàsì á sì máa yí po, ẹni tó wà lójú agbami á wá máa rí i bí iná ṣe ń ṣẹ́jú. Ṣíṣẹ́jú yẹn làwọn apẹja fi ń mọ ẹnu odò tí wọ́n máa gbà wọlé. Bí wọ́n bá ṣìnà níbẹ̀, orí yanrìn ni ìgbì ń gbé wọn sí, ọkọ̀ á sì fọ́.

Ó ti kù díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìntì nígbà tí iná náà kú. Iyọ̀ òkun ti jẹ mọ́tò tó ń yí gíláàsì, àwọn olè sì wá tú wáyà lọ. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa padà bọ̀ l'Ékòó. Gbogbo wọn lọ, tèmi kò lọ. Nígbà òjò ọdún yẹn, ọkọ̀ apẹja kan fọ́ sórí yanrìn, bàbá àtọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó wọ́ wọn jáde. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní ẹ̀wù bọ́ọ̀lù ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé ọ̀rọ̀ iná yẹn karí bí ẹni pé òun ló pa wọ́n.

Ó bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n fún un ní gílóòbù tuntun àti sólà. Mọ́tò ni wọn kò fún un. Iná tí kò bá sì yí, asán ni, torí ẹni tó wà lójú òkun kò ní í mọ̀ bóyá iná ọkọ̀ ni tàbí iná hòtẹ́ẹ̀lì. Ni Ọlọ́runlékè bá lọ tú ẹ̀rọ àtijọ́ síta, èyí tí wọ́n ń lò kí mọ́tò tó dé. Irin wúwo kan ló rọ̀ sórí wáyà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń yí gíláàsì. Bó bá dé ìsàlẹ̀ tán, ènìyàn ló máa fọwọ́ yí i gòkè padà, bí ẹni ń fa omi kànga. Ó rẹ eyín ẹ̀rọ náà sínú kẹrosíìnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ìpẹtà ara rẹ̀, ó bẹ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe kí wọ́n bá a rọ èyí tó ti jẹ tán. Omi òjò ló fi ń nu gíláàsì, torí omi kànga ibẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Samuel, ọmọ Ìlàjẹ kan tó ti fi ẹja pípa sílẹ̀, ni wọ́n jọ ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ó pè mí, ohun kan náà ló ń sọ ṣáá: "Dùntán, ó ń yí. Ó ń yí." Mo ní mo ti gbọ́, ṣé ó ti jẹun?

Ọ̀dọ̀ mi ni Yèyé wà ní gbogbo àkókò yìí. Ara rẹ̀ ti di ara arúgbó, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí Ọlọ́runlékè ná. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níta, á gbé orí sókè: "Lékè nìyẹn?" Mo á ní rárá, Yèyé, ọkọ̀ iṣu ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn mí. Èmi ni mò ń gbé e jáde sí oòrùn, èmi ni mò ń gbé e wọlé, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò ní í lọ ní ìrọ̀rùn bí kò bá rí ọmọ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ó jìyà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní Samuel ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹsẹ̀ dá, ó wà ní ọsibítù. Ó ní oṣù kẹjọ nìyí, òkun ń bínú, àwọn apẹja sì ń jáde lálaalẹ́ torí ìgbà tí ẹja pọ̀ nìyẹn. "Ta ni kí n fi í lé lọ́wọ́, Dùntán?"

Mo ní, "Ṣé iná ló bí yín ni?"

Mo pa fóònù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. A ti gba ọlidé nílé ìwé, mo bẹ Martha, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, kó wá bá mi jókòó ti Yèyé. Mo sọ fún Yèyé pé mò ń lọ mú Lékè wá. Ó ní kí n tètè bọ̀.

Mo gba Ìkàrẹ́, mo gba Oǹdó, mo dé Òkìtìpupa, mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Láti Kabba ni mo ti ń to èébú jọ. Nígbà tí mo gòkè ilé gogoro náà, mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń nu gíláàsì. Ó ti rù. Ó fi àkísà di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, torí irin ti bó o. Oorun wà lójú rẹ̀ débi pé kò kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìyẹn náà sì tún bí mi nínú.

Mo ní, "Yèyé ń kú lọ, ẹ̀ ń nu gíláàsì."

Ó jókòó sílẹ̀. "Mo mọ̀. Bí mo bá lọ, tí ọkọ̀ kan bá fọ́, ojú wo ni n ó fi wo ìyá ẹni tó bá kú?"

"Ojú wo lẹ ó fi wo ìyá tiyín?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò tíì rí omi lójú rẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá wa kú. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ẹgba lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń yí i hàn mí."

"O ò ní í lè ṣe é."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi tí mo gún iyán fún gbogbo yín títí ẹ fi kúrò nílé?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ láàárín ẹkún. A jọ yí i ní alẹ́ yẹn. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbọ́ ohùn wáyà kí irin tó dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ́ mi pé n kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tútù kan gílóòbù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀, ó ń lọ sílé.

Ó dé Iyara, ó pè mí. Ó ní Yèyé fi ọwọ́ wá ojú òun, ó ní, "Lékè, o ti gbó," ó sì rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Ẹ má wulẹ̀ rò pé ẹnu lásán ni. Inú mi dùn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló tún pè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Dùntán, ìwọ ló ń pè. Láti àárọ̀ ló ti ń bi mí pé Dùntán dà. Máa bọ̀ báyìí. Fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Òun ló sọ ọ́ o, òun Ọlọ́runlékè fúnra rẹ̀. Mi ò bi í pé iná ńkọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé báàgì mi, mo dé ẹnu ọ̀nà. Òjò ti ṣú lápá òkun. Àwọn ọkọ̀ apẹja ti jáde láti ọ̀sán, mo sì rí àwọn ìyàwó wọn lórí yanrìn tí wọ́n ń kó ẹja gbígbẹ wọlé nítorí òjò, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi. Kò sí èyí tó wo òkè bóyá iná máa tàn. Ó dá wọn lójú pé ó máa tàn.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ lọ, gbogbo ara mi ló fẹ́ lọ. Nígbà tó yá, mo gbé báàgì sílẹ̀, mo padà gòkè, mo tan iná, mo sì yí irin. Òjò náà rọ̀, ó rọ̀. Àwọn ọkọ̀ wọlé ní ìdájí, kò sí èyí tó fọ́. Mò ń ka orí wọn lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Yèyé ti lọ.

Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ láti ìgbà tí kò ti lè dìde mọ́. Martha ló wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú lọ sí mọ́ṣúárì, ẹ̀gbọ́n mi padà wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí èmi náà lè lọ múra ìsìnkú. Ó gòkè wá bá mi, kò lè wo ojú mi. Mo bi í pé kí ni Yèyé sọ kẹ́yìn.

Ó ní, "Ó ń pè ọ́ ṣáá. Nígbà tí mo rí i pé kò ní í sinmi, mo purọ́ fún un. Mo ní o wà ní ilé ìdáná, ò ń po ògì rẹ̀ lọ́wọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kó má gbóná jù."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní kí n dákẹ́. Ó yọ àkísà lọ́wọ́ mi, ó fi di ọwọ́ tirẹ̀, ó sì lọ yí irin.