Ìbéèrè Bàbá Tó Ń Fọ Egbò

Títí dòní, bí mo bá rí ẹni tó ń fi omi iyọ̀ fọ egbò, ohùn Bàbá tó tọ́ mi ní Ẹ̀pẹ́ ni mo máa ń gbọ́: "Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

Bàbá kọ́ ló bí mi. Egbò àwọn sójà ni Bàbá ń tọ́jú lójú ogun Bọ́má, níbi tí bàbá tó bí mi kú sí. Nígbà tí Bàbá gbé ìròyìn ikú náà délé wa, ìyá mi náà ti kú, ni Bàbá bá kúkú gbà mí tọ́.

Apẹja tí ìwọ̀ bá ya lọ́wọ́ á sáré wá bá Bàbá, wọ́n á sì bi í ní ohun tó jẹ. Kó tó ka ìkókoré àti ẹja tó jẹ tán, Bàbá ti fọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ti dì í. Wọ́n ní ẹni tó ń ronú oúnjẹ kì í ráyè ké.

Lọ́dún kẹwàá tí ogun parí, egbò yọ lẹ́sẹ̀ Bàbá fúnra wọn. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò jinná. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń payín keke, mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ohun tí mo bi bàbá rẹ nìyẹn," wọ́n ní. "Kò dárúkọ oúnjẹ. Orúkọ rẹ ló ń pè. Mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i."

Mo tún bu omi iyọ̀. Èmi náà ò rí nǹkan kan ṣe.