Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ramlah

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá obìnrin tó láyà ní Ìgbòho, kó má wulẹ̀ wá a lọ jìnnà. Fàòsíyà ìyáálé mi ni. Èmi Ṣubúọlá ni ìyàwó kejì tí Àsánì àgbẹ̀ oníṣu fẹ́, ó sì di ọdún kejìlá tí èmi àti Fàòsíyà ti jọ ń dáná nínú ilé kan. Mi ò ní purọ́ pé a ò jà rí. A jà dáadáa. Ṣùgbọ́n òun ló gbẹ̀bí Màríámù ọmọ mi lọ́jọ́ tí òjò ò jẹ́ ká rọ́nà jáde, òun ló sì ń wẹ̀ ẹ́ títí ọmọ náà fi pé ogójì ọjọ́. Ẹni tó bá bú u lójú mi, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá fà á.

Ejò ti ṣán Fàòsíyà lẹ́ẹ̀mẹta, paramọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọmọge ni nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, oyún Ramlah àkọ́bí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, oyún náà kò sì bàjẹ́. Ìkẹta kò tíì ju ọdún mẹ́rin lọ, lẹ́yìn tó ti bí Samsudeen ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Iṣẹ́ òrí ló ń kó wa pàdé ejò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, èso òrí á máa já bọ́ sínú koríko, àwa obìnrin á sì lọ ṣà á ní ìdájí kí ẹran ọ̀sìn tó dé ibẹ̀. Abẹ́ ewé tí èso wà, ibẹ̀ náà ni ejò ń sùn sí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣíwájú fi gbọ́dọ̀ máa fi ọ̀pá na koríko, tí àwa yòókù á máa tẹ ibi tó bá tẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan dé, wọ́n ń béèrè àwọn tí ejò ti ṣán tí wọn ò kú. Gbogbo àdúgbò na ọwọ́ sí ilé wa. Florence lorúkọ ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn, Yorùbá rẹ̀ já geere. Ó jókòó ti Fàòsíyà.

“Mà, ara yín ti mọ oró paramọ́lẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Òun là ń wá.”

Ó ní abẹ́rẹ́ ejò tí wọ́n ń gún fún wa ní ọsibítù, inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń mú un. Wọ́n á máa fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Ó ní lókè òkun báyìí, wọ́n ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ejò ti ṣán lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n dán an wò lára eku, àwọn eku náà kò kú. “Ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ kó tó di abẹ́rẹ́ o, mà. Ẹni tí ejò bá ṣán, ọsibítù ni kó lọ.”

Fàòsíyà gbọ́ iwájú ọ̀rọ̀ náà, kò gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òwú tí wọ́n fi dí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wà lápá rẹ̀, ó ń gbé e káàkiri bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Láti ọjọ́ yẹn kò mú ọ̀pá lọ sábẹ́ igi òrí mọ́. Ó ní ejò ló yẹ kó máa sá fún òun. Àwa obìnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, Ramlah bá wa lọ. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ń retí èsì ìdánwò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ṣíwájú láìmú ọ̀pá, Ramlah tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa èso, ó ní, “Mọ́mì, nǹkan gún mi lẹ́sẹ̀.” Mo rí paramọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń wọ́ wọ inú ewé.

Mo ní ká pe Mojeed ọlọ́kadà kó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ṣakí kíákíá.

“Dúró, ìyàwó.” Fàòsíyà ti fa abẹ tí a fi ń gé okùn àpò yọ. “Bí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin bá lè wo ọmọ ènìyàn sàn, ta ni yóò sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ò ní wo ọmọ rẹ̀?”

Ramlah ń wo ojú mi. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ náà mú. Fàòsíyà sín gbẹ́rẹ́ méje yí ojú ibi tí ejò ti ṣán an ká. Níbi tí ẹlòmíràn yóò ti fi ẹbu oògùn dúdú ra á, ó ya apá ara rẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ó sì fi àtàǹpàkò ra á wọlé. Ó ní ká jókòó kó ràn wọ inú.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ apá ìyá fi dá. Ti ọmọ kò dá. A fi gèlè dì í, gèlè rin. A fi ìborùn dì í, ìyẹn náà rin. Nígbà tí Ramlah tutọ́ tí itọ́ pupa, Fàòsíyà fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe Mojeed. Ó ti lé ní wákàtí méjì nígbà náà.

Abẹ́rẹ́ ejò wà ní ọsibítù, wọ́n sì gún un fún un. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára ló kù. Fàòsíyà na apá. Ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò jáde, ó ní tirẹ̀ kò bá ti ọmọ náà mu. Fàòsíyà ní kó tún un yẹ̀ wò, ó ní òun lòun bí i. Tèmi ló bá a mu. Wọ́n fà á, wọ́n so ó kọ́, kò tíì dé ìdajì tí Ramlah fi dákẹ́, kí wọ́n tó kírun Aláásàrì.

Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Oró yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, mà. Ojú gbẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí gbà lọ. Ká ní ẹ gbé e wá tààrà, tí ẹ ò fi abẹ kàn án, ó ṣeé ṣe kó yè.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìyẹn lọ bá ìyá? Mo gbé e mì. Lójú ọ̀nà, Fàòsíyà bi mí léèrè, “Ìyàwó, àbí mi ò gé e jìn tó ni?” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun ló pè é. Àánú ni mo pè é nígbà náà. Ojo ni mí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé àdúrà ogójì ọjọ́, mo ti ọjà dé, mo bá Màríámù níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni. Gbẹ́rẹ́ méje wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ.

“Màmá Ramlah ló sín in fún èmi àti Bùrọ̀dá Samsudeen. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n fi ra á. Wọ́n ní ti Bùrọ̀dá Samsudeen àti tèmi ò ní pẹ́ jù bíi ti Àǹtí Ramlah. Wọ́n ní ó yẹ kó ti wà lára kí ejò tó dé.”

Mo wọlé. Fàòsíyà jókòó sórí ẹní, ó ń di apá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a sìnkú. “Mo ti tọ́jú àwọn ọmọ wa.”

“Ìyá Ramlah, abẹ ló pa Ramlah.”

Ó wò mí. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Dókítà. Ó ní ojú gbẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà lọ. Ó ní ká ní a ò fọwọ́ kàn án, bóyá ì bá yè.”

“Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tó kú.”

Ó tú aṣọ tó fi di apá rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sílẹ̀. “O sì jẹ́ kí n tún mú abẹ.”

Mi ò lè dúró síbẹ̀. Mo jáde lọ pe Màríámù, mo pè é títí, kò dáhùn. Obìnrin ilé kejì ló sọ fún mi pé òun àti Samsudeen ti lọ ṣa èso òrí, pé wọ́n bọ́ bàtà wọn sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò nílò rẹ̀ mọ́.