Bí A Ṣe Tú Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bàbá

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ní Sábó, ní Zaria. Ó ti borí òórùn kókó tí Ìyá ń pò. Bàbá wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń da kẹrosíìnì sórí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ògbólógbòó tó fi ń kó àlùbọ́sà. Táyà apá òsì ti jò. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa so yìgì ẹ̀gbọ́n mi, Ṣífáù, ní Ìlọrin, ọkọ̀ yẹn ló sì gbọ́dọ̀ gbé gbogbo wa lọ. Ṣífáù jókòó sórí àpótí ẹrù rẹ̀, lààlì lọ́wọ́, ó ń sunkún.

Dírẹ́bà tó mọ ọkọ̀ náà dunjú, Bàbá ti lé e lọ torí pé ẹnu rẹ̀ pọ̀. Yàtọ̀ sí wíwà á, Bàbá fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Ó yí nọ́ọ̀tì, kò mì. Ó fi páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó gun orí rẹ̀, ó ń fò. Orí nọ́ọ̀tì méjì di roboto, sípánà kò rí ibi dì mú mọ́. “Wàláhì, ayé ló dì í,” ni Bàbá wí.

Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ń gbé irinṣẹ́ fún un. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, wọ́n sì ti nà mí títí nítorí ẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì na òòlù sí Bàbá, kò gbà á. “Ìjọba pàápàá ti fi òsì sílẹ̀,” ó ní. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún.

Inú bí mi. Bó ṣe wọlé lọ mu omi, mo fi sípánà sí nọ́ọ̀tì kẹta tí kò tíì fọwọ́ kàn, mo gun páìpù bó ṣe rọ ọwọ́ tèmi lọ́rùn. Mo fò lẹ́ẹ̀kan, mo fò lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún kéé, ó tú. Àṣé ní apá òsì irú ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, òdì ni wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì. Láti àárọ̀, ńṣe ni Bàbá ń dì í.

Bàbá jáde, ó wo nọ́ọ̀tì, ó wò mí. “Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ” ni òwe rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í sì í parí ẹ̀. Ìyá bá a parí ẹ̀ láti ìdí ààrò: “Ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.” Bàbá gbé irin ẹlẹ́nu mímú ti etí àwọn nọ́ọ̀tì roboto náà, ó gbé òòlù sókè, ó wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ibo ni ká gbá a sí?” Kí oòrùn tó kan àtàrí, a ti wà lójú ọ̀nà.

Ní Ìlọrin, ó sọ fún àwọn àna pé òun jókòó, òun ronú, òun sì mọ̀ pé òdì ni. Mo la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni, Ìyá já mi léèékánná nítan. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn gbójú jù mí lọ. Kò tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gun páìpù. Èmi ti di ìyá àgbà, mo ṣì ń bi àwọn ọmọ mi kí n tó ra fìríìjì. Irọ́ pípa nìkan ni mo fi jù ú lọ. Nígbà tí Bàbá kú, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo dìde, mo ní ọlọ́gbọ́n ni bàbá wa, pé òun ló jókòó, tó ronú, tó tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí Ṣífáù lè délé ọkọ. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ṣífáù nìkan ló bo ojú mọ́nú ìborùn rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún.