Kọ́kọ́rọ́ Ẹgbẹ́ Wa

Ọlọ́run ti ṣe mí lóore púpọ̀, ṣùgbọ́n mo jowú ọ̀rẹ́ mi fún ọdún mélòó kan, n kò sì ní fi í pa mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan náà la jọ lọ. Òun ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀ lórí fóònù, kí àwa tí a ń gbé etí òkun, láti Araromi, gba Ayétòrò, dé Awoye, lè máa kọ bí omi ṣe rí kí àwọn apẹja tó wọkọ̀. Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é. Nígbà tó yá, iṣẹ́ olùkọ́ gbé e lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí omi kànga ti ń jẹ́ omi ńlá. Èmi ni mò ń jí gba orí afárá pákó dé etí òkun, tí iná gáàsì àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ṣì ń jó lókèèrè, kí n lè wo ìgbì. Síbẹ̀, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń kí. Ó máa ń há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Bí ìpàdé àdúrà la ṣe ń ṣe ẹgbẹ́ náà. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àṣẹ láti ṣí ẹgbẹ́ tàbí tì í lórí fóònù. Bó bá gbàdúrà láàárọ̀, ó ṣí i; bó bá sọ oore-ọ̀fẹ́ lálẹ́, ó tì í, ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ nǹkan mọ́. Gbogbo wa gbà pé ó bójú mu.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ibà dá a dùbúlẹ̀. Òkun ru, ẹgbẹ́ ṣì wà ní títì. Mo pe ọ̀rẹ́ mi títí, kò gbé e. Àbúrò ìyá mi kò rí ìkìlọ̀ kankan, ó tukọ̀ jáde, ọkọ̀ dojú dé. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara ọ̀rẹ́ mi yá, mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí olùdásílẹ̀ má lè dá nìkan ti ẹgbẹ́ pa mọ́. Ó pè mí.

"Ṣé nítorí ọkọ̀ tó dojú dé ni, àbí nítorí tèmi?"

"Nítorí òkun ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí mo ti ń lu agogo ilé ẹ̀kọ́ lo ti ń fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi."

Òótọ́ ni.

Ẹgbẹ́ gbà sí mi lẹ́nu. Wọ́n yan obìnrin kan ní Awoye, tíṣà kan ní Araromi, àti ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí mi. Òun ló kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ipò tòun fún mi, torí èmi ni mò ń rí omi.

Mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni, n kì bá tí fi ipò náà sílẹ̀ fún un. Ìyọ̀ǹda rẹ̀ yẹn gan-an ni mo wá ń jowú báyìí.