Efinrin Ìyá Mi Lẹ́yìn Fẹ́ǹsì

Bí òjò bá ti dá ní Mowe, òórùn efinrin ni ó máa ń kọ́kọ́ fo fẹ́ǹsì wá bá mi. Á ta sánsán, á gba ojú fèrèsé ilé ìdáná wọlé, á bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ẹlòmíì á gbọ́ ọ, ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ní tèmi, owú ló máa ń kọ́kọ́ dé, kí ebi tó dé. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, torí ìwọ náà ní ìyá, ìwọ náà sì ń jí jáde lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo lọ mú ìyá mi wá láti Ifọ kí ó máa gbé lọ́dọ̀ wa. Àpò aṣọ kan ló gbé, àti ẹ̀ka efinrin díẹ̀ tó fi àkísà tútù wé nídìí. Kí n tó gbọ́njú ni efinrin yẹn ti wà lẹ́yìn ilé wa. Òun ni ìyá mi fi ń wo inú rírun fún wa, òun ló fi ń se ọbẹ̀ fún abiyamọ, òun náà ló ń fi sẹ́bàá fèrèsé nígbà tí ẹ̀fọn bá fẹ́ gbé wa lọ. Nígbà tí a dé Mowe, ó dúró sójúde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èmi àti ọkọ mi ti fi íntálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìnkùlé. Bí àwa tí a ti Èkó wá ṣe ń ṣe nìyẹn: a á sá kúrò l'Ékòó nítorí ilẹ̀, bí a bá sì rí ilẹ̀ tán, a á fi sìmẹ́ńtì bò ó kí ẹrẹ̀ má baà wọlé.

"Níbo wá ni ilẹ̀ wà níbí?" ni ìyá mi bi mí.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì, mo máa ra ìkòkò òdòdó fún yín." Ó ní ó dáa. Iṣẹ́ kó mi lọ, mi ò rà á.

Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde. Tí mo bá sì dé, ìyá mi á ti máa tòògbé níwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá tí mo rà nítorí rẹ̀. "Káàbọ̀ o, o kú iṣẹ́," ọ̀rọ̀ tán. Àfi Sátidé kan tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti òdìkejì fẹ́ǹsì, ẹ̀rín àríntakìtì. Mo yọjú. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ ìbòòji, òun àti aránṣọ tó jẹ́ aládùúgbò wa, ọmọbìnrin kan tó gbé máṣíìnì rẹ̀ sójúde ilé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú ilẹ̀ dúdú tí ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan bò, efinrin ìyá mi ti ga tó mi láyà. "Ìparí ni kó o tó jù ú sọ́bẹ̀, ọmọ mi," ló ń wí fún un. "Tó o bá tètè jù ú sí i, iná á gba òórùn ẹ̀ lọ."

Ọmọ mi! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi wọ egungun. Èmi tí mò ń gbé e lọ ọsibítù, èmi tí mo ra fóòmù tuntun sí yàrá rẹ̀, ìgbà wo ló jókòó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se efinrin? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí aránṣọ yẹn bí ẹni pé ó jí mi ní nǹkan. Á kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu géètì, màá dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà; ní àkókò yẹn, ẹ̀wù mi gan-an ti ń tóbi jù fún mi.

Mo bá lọ sọ́jà, mo ra efinrin tòun ti gbòǹgbò, mo gbìn ín sínú ike ọ̀dà, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi kó lè máa rí i. Mo ń bomi rin ín kí n tó jáde, mo tún ń bomi rin ín tí mo bá dé. Kò wá sí mi lọ́kàn láti dá ihò sí ìdí ike náà. Omi dúró sí i, gbòǹgbò rẹ̀ rà, ewé rẹ̀ pọ́n, ó já sílẹ̀. Ìyá mi wò ó, ó wọ sálúbàtà rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ọ̀hún lẹ wá ń gbé báyìí ni?"

"Efinrin mi ni mo fẹ́ lọ wò," ló fi dá mi lóhùn. Mo sọ nínú ara mi pé efinrin kì í páni lẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ó lọ sí ìpàdé ẹbí ní Ifọ. Ní ọjọ́ Àìkú, kó tó dé, inú rírun dá mi dùbúlẹ̀. Ọkọ mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó pàdé aránṣọ lọ́nà, ó sì sọ fún un. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn aránṣọ náà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó gbé kọ́ọ̀pù omi efinrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo dùbúlẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kò gbé kọ́ọ̀pù fún mi. Ọwọ́ kejì ló nà sí mi, iyọ̀ ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ lá iyọ̀. Màmá ní ẹ kì í mu ún àfi tí iyọ̀ bá kọ́kọ́ kan ahọ́n yín."

Mi ò sọ ìyẹn fún ọkọ mi rí. Èmi fúnra mi ti gbàgbé. Mo lá iyọ̀, mo mu ún, ó ta mí lọ́fun, omijé sì bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ bóyá ti efinrin ni.

"Kí ni wọ́n tún sọ?" ni mo bi í.

"Hà, Àǹtí! Kí ni wọn ò sọ? Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa ń sọ ṣáá. Bí ẹ ṣe máa ń lọ sùn sídìí efinrin tí wọ́n bá ti nà yín. Wọ́n ní inú ti ń yọ yín lẹ́nu láti kékeré, pé torí yín làwọn ṣe gbé e wá láti Ifọ. Pé ẹ ò ráyè, kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ní kí n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí tó bá wá di ọjọ́ kan táwọn ò sí ńlẹ̀..."

Ìyá mi ti lọ bá bàbá mi báyìí. Kó tó lọ, ọkọ mi hú íntálọ́ọ̀kì díẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ìyá mi sì fọwọ́ ara rẹ̀ ri ẹ̀ka kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ á rò pé owú mi tán. Kò tán o. Efinrin, mo ti ní tèmi; ohun tí mi ò lè ní mọ́ ni gbogbo ọ̀sán tí ìyá mi fi ń ròyìn mi fún ẹlòmíì, nígbà tí mo wà ní Ìkẹjà tí mò ń wá owó tẹlifíṣọ̀n tí kò wò. Mò ń jowú aránṣọ yẹn dòní, mo sì ti sọ ọ́ sí i lójú. Ẹ̀rín ló rín, ó ti àpótí ìyá mi sọ́dọ̀ mi pé kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òmíràn tí mi ò tíì gbọ́. Nítorí náà, bí òjò bá ti dá, màá fi èyí tó wà nídìí ẹ̀rọ omi mi sílẹ̀, màá wọ sálúbàtà. Ọkọ mi á bi mí pé ibo ni mò ń lọ.

"Efinrin mi ni mo fẹ́ lọ wò," ni mo máa ń sọ fún un.