Èèkàn Bàbá Mi Tó Yọ Òdòdó

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ní Ìsẹ́yìn, àgbàlá wa a sì máa rùn fún aró àti òwú tútù bí òjò bá ti dá. Ahunṣọ ni bàbá mi. Kí òwú tó dé orí òfì, a máa ń nà án yí àwọn èèkàn ká nínú àgbàlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà, èèkàn kan ṣẹ́. Nítorí ìkánjú, bàbá mi tọrọ ẹ̀ka igi òdòdó kan lọ́wọ́ aládùúgbò wa, ó sì gbá a mọ́lẹ̀ ní tútù.

Kò pẹ́ tí èèkàn náà fi hu ewé. Ọ̀rẹ́ bàbá mi, tí òun náà ń hunṣọ, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire o! Àṣé ẹ ti di àgbẹ̀!"

Inú bí bàbá mi. Ó ní kí n fà á tu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa tọ́jú ẹ̀."

"Ó dáa. Ọjọ́ tí fọ́nrán òwú kan bá há sí i lára, ọjọ́ náà ló kúrò níbí."

Láti ìgbà náà, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, èékánná ni mo fi ń já gbogbo ọ̀mùnú tó bá yọ láti ilẹ̀ dé orúnkún mi, kí ibi tí òwú ń gbà lè máa dán. Òkè rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ kí ó yọ ẹ̀ka. Omi àlùwàlá tó bá ṣẹ́ kù ni mo ń dà sí ìdí rẹ̀ bí òjò bá dá dúró. Àwọn kan rò pé omi púpọ̀ ló ń mú igi yọ òdòdó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó mọ níwọ̀n, oòrùn, àti ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́ ni.

Nígbà tó yá, ó yọ òdòdó: pupa fòò, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ohun kan gùn jáde láàárín rẹ̀ bí ahọ́n. Àwọn ìbejì, àbúrò mi, sọ pé Bàbá ló ń yọ ahọ́n sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ń na òwú aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n ń dúró dè ní Òkèhò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ sì ti rọ̀. Bí òwú ṣe le tán, èèkàn kan wó, òmíràn tẹ̀ lé e. Bí òwú náà bá dẹ̀ tó sì lọ́ pọ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

"Gbé e wá síbí!" ni Bàbá ké. Ara igi òdòdó ni a so gbogbo rẹ̀ mọ́. Igi náà kò mira, nítorí pé ó ti ta gbòǹgbò. Ó di òwú náà mú títí a fi gbá àwọn èèkàn yòókù padà, fọ́nrán kan ṣoṣo kò sì há sí i lára.

Ọ̀rẹ́ Bàbá wo igi náà títí. "Ṣé ẹ lè fún èmi náà ní ẹ̀ka kan?"

"Ẹ wá bẹ ọmọ mi," ni Bàbá dáhùn. "Òun ló ni ín."

Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni mo di olùkọ́, mo sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bí ọmọ kan bá ń dí kíláàsì lọ́wọ́, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tó yẹ kí n tún ṣe àti ibi tó yẹ kí n fi sílẹ̀ kó dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi kọ́gbọ́n: bí a bá fi ohun kan tàbí ẹnì kan sí ìkáwọ́ yín, ẹ má kánjú fà á tu.